Ọjọ́ Tí Ìràwọ̀ Ìrọ̀lẹ́ Kò Jó

"Méjì ti wà nílẹ̀, ó ku ẹyọ kan," ni Monílọ́lá wí, ó sì ju bírò sórí tábìlì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò jókòó sídìí máìkì ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Àkúrẹ́. Òun àti Olúfẹ́mi, ọmọ ilé ìwé mìíràn, ni wọ́n ń gba ètò "Ọjọ́ Òní Nínú Orin" ṣe fún ara wọn nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ẹni tó bá kàn yóò sọ ohun mẹ́ta tó ti ṣẹlẹ̀ láyé orin ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: olórin tí wọ́n bí, àwo tó jáde, ẹgbẹ́ tó tú ká. Ní ìparí oṣù kẹjọ, ọ̀gá ètò náà, Ọ̀gbẹ́ni Rufus Adébùsóyè, yóò mú ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá a lọ. Monílọ́lá fẹ́ ipò náà bí ẹní máa kú. Ká má parọ́, ohùn rẹ̀ dùn. Bó bá ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ, ènìyàn yóò dúró gbọ́.

Sherifat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń tú àwọn àwo orin àtijọ́ tí bàbá Monílọ́lá kó jọ. Ó fa ọ̀kan yọ. "Èyí ńkọ́?"

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé gìtá dání wà lára páálí àwo náà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Lawrence Ọláfimíhàn àti Ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ Ìrọ̀lẹ́, Oǹdó. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ, ọdún 1981, ni ìfilọ́lẹ̀.

"Ọ̀la gan-an nìyẹn," ni Monílọ́lá wí. "Àbúrò olórin yìí obìnrin ṣì wà ní Oǹdó, bàbá mi ní nọ́ńbà wọn. Ọ̀gá Rufus sọ pé ká máa bi ẹni tó bá mọ̀ ká tó sọ̀rọ̀."

"Kí lo tún fẹ́ bi wọ́n? Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa Adéjọkẹ́ ti ń dúró dè wá látàárọ̀."

Monílọ́lá wo fóònù, ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò pè. Nígbà tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, ó rí i pé ó tẹ́ lẹ́nu, ó bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Bó ṣe kà á lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ kejì nìyí: "Lónìí, lọ́dún 1981, Lawrence Ọláfimíhàn fi àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́lẹ̀ ní Oǹdó. Gbogbo ìlú ló tú jáde. Wọ́n jó títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ wọn."

Ọ̀gá Rufus rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò pẹ́ tí ètò parí tí ọ̀gá náà wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ìyá kan pè láti Oǹdó, Ìyá Yéjídé Ọláfimíhàn. Wọn ò bú wa. Wọ́n kàn bèèrè ibi tí ìlú ti jó, torí pé ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n wọn kú. Monílọ́lá, ta lo bi?"

Monílọ́lá pa ìwé rẹ̀ dé. Bó bá ní orí ẹ̀rọ ayélujára lòun ti rí i, ọ̀rọ̀ parí. Olúfẹ́mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò ó. Bó bá sọ òótọ́, ó mọ ẹni tí ipò náà ń lọ bá.

"Mi ò bi ẹnikẹ́ni, sà. Nọ́ńbà wọn wà nílé, mi ò pè. Ijó yẹn, èmi ni mo fi kún un."

Ọ̀gá Rufus fi fóònù sápò. "Lọ bá wọn. Ohun tí o bá gbọ́ lẹ́nu wọn ni wàá wá sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Oǹdó. Ìyá Yéjídé ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan. Monílọ́lá kúnlẹ̀, ó ń retí èébú. Ẹ̀pà àti omi tútù ni ìyá náà gbé fún un.

"Dìde, ọmọ mi. Wọ́n ti tẹ páálí yẹn kí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ tó pé. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ṣèlérí fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì pé wọn yóò wá wòran, ó bá ní òun ń lọ gbé wọn wá láti Bọ́lọ́rundúró. Òjò ti ba ọ̀nà oko yẹn jẹ́. Ọkọ̀ yọ̀, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ tó yẹ ká jó, ẹkún la sun."

"Àwọn àwo yẹn wá ńkọ́, mà?"

"Àwa mẹ́rin tó kù nínú ẹgbẹ́ rù wọ́n kiri, láti Oǹdó títí dé Ìgbàrà-Òkè. Àkúrẹ́ ni bàbá rẹ ti ra tirẹ̀ lọ́wọ́ mi, ọmọ ilé ìwé ni nígbà náà. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fi rán àwọn ọmọ méjì yẹn nílé ìwé títí wọ́n fi jáde girama. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ yẹn bá ti pé, a máa ń jókòó síhìn-ín, a ó kọ orin kan ṣoṣo nínú àwo náà. A kì í jó."

Ó kọ orin náà díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n kò ṣì í kọ. Monílọ́lá tí ohùn tirẹ̀ máa ń wú lórí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé. Kò tíì gbọ́ nípa àwọn ènìyàn tó wù ú bí àwọn mẹ́rin wọ̀nyí rí láyé rẹ̀, òun ló sì fi ijó irọ́ bo iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní gbogbo ìlú jó. Irọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣe."

Olúfẹ́mi ni wọ́n mú. "Ohùn rẹ dùn ju tirẹ̀ lọ," ni Ọ̀gá Rufus wí fún Monílọ́lá, "ṣùgbọ́n òun máa ń bèèrè kó tó sọ̀rọ̀." Ó dùn ún wọra, ó sì sunkún nígbà tó délé. Ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà, torí ó mọ̀ pé abèèrè kì í ṣìnà, òun ni kò bèèrè. Ìwé lè sọ ọjọ́ fún ènìyàn. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni fóònù bàbá rẹ̀ dún. Ìyá Yéjídé ni, Monílọ́lá ni ó ń bèèrè.

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò lónìí, o ṣeun. Wò ó, ọ̀kan nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ lọ́dún tó kọjá. Tí ọjọ́ yẹn bá tún pé, wá jókòó tì wá. Ohùn kan ló kù tí orin náà fi máa pé."