Sìmẹ́ǹtì Kọ́ Ni Oògùn Sítóòfù Tó Là

"Bàbá wọn, irin ẹ̀yìn sítóòfù yìí tún ti pọ́n bí ẹyin iná o!"

"Mo gbọ́," ni ọkọ dáhùn láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń gbọ́. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

Irin ni sítóòfù onígi náà. Bíríkì tí wọ́n dìídì ṣe fún iná ni wọ́n tò sínú rẹ̀, kí ooru má bàa kan irin ní tààrà. Ọ̀kan tó wà lẹ́yìn ti fọ́, ó ti jábọ́. Ògiri pákó ló wà lẹ́yìn sítóòfù. Lẹ́yìn pákó ni yàrá ìyá ìyàwó.

Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ. Ó tún rédíò kan ṣe rí, làdúgbò bá ń pè é ní Ẹnjiníà. Kò bá wọn jiyàn.

Nígbà tó dìde, ó po sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń mọlé, ó fi dí ihò náà, ó sì fi ọ̀dà dúdú kun ìta sítóòfù. Kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, ó fi ìṣó kọ "ẸNJ." sí i lára, níbi tó jẹ́ pé iná nìkan ló lè kà á.

"Wò ó bó ṣe ń dán!"

"Ṣé dídán ni a ó jẹ?" ìyàwó bi í.

Lọ́jọ́ kejì, gbàù! Sìmẹ́ǹtì bú, àfọ́kù gbígbóná fò jáde, ó jó ìró ìyàwó.

"Omi ló pọ̀ jù," Ẹnjiníà wí. Ó po èyí tó ki, ó tún kọ orúkọ sí i. Ìyẹn náà bú. "Igi yẹn ni kò dáa."

 Ìyàwó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń mọ ààrò fún àwọn tó ń sun ìkòkò.

"Ta ló fi sìmẹ́ǹtì síbí?" àbúrò bèèrè.

Ẹnjiníà wúkọ́. "Àwọn òṣìṣẹ́ kan ni. Ìwọ náà mọ àwọn òṣìṣẹ́ ayé ìsinsìnyí."

Àbúrò mú àfọ́kù kan, ó fẹ́ eérú ara rẹ̀ nù. "Ẹ, N, J. Òṣìṣẹ́ yìí mà kàwé o!"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, omi ń sá pamọ́ sínú sìmẹ́ǹtì ìmọlé. Bí iná bá mú un, ó ń wá ọ̀nà jáde ni. Bó ti wù kó ki tó, yóò bú."

"Ó dáa, a ó ṣe é bó bá yá."

"Bó bá yá kẹ̀? Ẹ wá fọwọ́ kan ògiri yàrá Màmá!"

Pákó tó wà níbi ìrọ̀rí ti dúdú. Ẹnjiníà fọwọ́ kàn án, ó fà á yọ kíá.

"Àna mi," ìyá arúgbó wí lórí ibùsùn, "ẹ ṣeun o. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún yín, pé ẹ ń jẹ́ kí ibùsùn mi móoru."

 Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló gbé ibùsùn kúrò níbẹ̀. Ló bá tún sáré gbé garawa omi lọ sídìí sítóòfù tí iná ṣì ń jó.

"Ẹ má da omi sí i!" àbúrò pariwo. "Àwọn bíríkì tó kù á là! Ẹ ti ihò atẹ́gùn rẹ̀, kí iná kú fúnra rẹ̀."

Ẹ̀yin tó ń fi igi dáná, ẹ gbọ́. Bíríkì tó kàn sán fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń yẹ̀, tàbí tí ẹ ti rí irin lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má dáná síbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí sítóòfù tutù pátápátá, ẹ bo imú nítorí eruku, ẹ kó àfọ́kù jáde, kí ẹ sì gbé e lọ fún ẹni tó ń ta bíríkì iná, kó wọ̀n ọ́n, kó sì fún yín ní irú rẹ̀. Bí ẹ bá ń to bíríkì padà, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, torí wọ́n máa ń fẹ̀ bí wọ́n bá gbóná. Iná kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì ju igi lù wọ́n. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ náà kúrú, kò sì bó ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí.