Olórin Tí Kò Lè Bẹ Ọmọ Rẹ̀

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá nínú bọ́ọ̀sì, bóyá lórí àga níbi tó o ti ń dúró de dókítà, fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn Emlyn Prosser. Ilé ńlá kan ní Olympia Fields, lẹ́bàá Chicago, ló kú sí, àwòrán ara rẹ̀ ló sì kún ògiri ilé náà.

Ọmọ Wales ni. Bàbá rẹ̀ ń wa èédú, ìyá rẹ̀ sì máa ń mú un lọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Ohùn rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, wọ́n ti ń ta àwo orin rẹ̀ káàkiri ìlú òyìnbó. Amẹ́ríkà pè é, ó sì wá. Ó ń kọrin fún àwọn olówó ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ń mutí bí ẹni mumi, Ọlọ́run ìyá rẹ̀ sì di ẹni ìgbàgbé.

Ó fẹ́ Michelle, ọmọ àdúgbò Chatham ní Chicago. Wọ́n bí Eden, ó sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Nígbà tí Michelle kú, Eden bẹ bàbá rẹ̀ pé kó wá kọ orin kan ṣoṣo níbi ìsìnkú. Gbọ́ èsì tí bàbá fún ọmọ: "Èmi kì í kọrin níbi tí kò bá sí èrò."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Eden ní òun kò ní tẹsẹ̀ bọ ilé bàbá òun mọ́, àfi bí bàbá bá fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ òun.

Ọdún gorí ọdún. Gbajúmọ̀ di arúgbó, àwọn ọ̀rẹ́ ọtí sì tú ká. Mosúnmọ́lá, nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tó ń wá tọ́jú rẹ̀ nílé, kò yé sọ̀rọ̀ Jésù fún un.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú pìwà dà. Ẹ pe Eden lónìí."

"Tí mo bá ṣe ọjọ́ ìbí mi tán," ni yóò wí, yóò sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìbí náà kò tíì pé tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Kódà, kò lè béèrè omi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Mosúnmọ́lá ń fún un lóúnjẹ, ó sì ń kọ orin kan tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Iléṣà. Láti kékeré ló ti rò pé orin ilé wa ni. Ṣàdédé ni arúgbó náà gbóhùn sókè, ó ń bá a kọ ọ́ ní èdè Wales! Ohùn orin ìlú arúgbó náà ni, tí àwọn oníwàásù gbé wá fún wa láyé àtijọ́. Dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àrùn yìí lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn kó sì fi orin sílẹ̀.

Omijé bọ́ lójú arúgbó náà.

"Bàbá, Jésù kú fún ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá fẹ́ kó dárí jì yín, ẹ di ọwọ́ mi mú."

Ó dì í mú gírígírí, ó ń sunkún bí ọmọdé. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Olúwa gbà á là.

Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí fóònù. Mosúnmọ́lá mọ ẹni tó fẹ́, ó sì pè é.

"Eden, bàbá yín fẹ́ tọrọ àforíjì."

"Gbé fóònù fún un. Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Kí Mosúnmọ́lá tó ṣàlàyé àìsàn náà, Emlyn ti ya ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé "dárí jì mí." Orin ló jáde.

"Ó ṣì ń kọrin!" ni Eden wí. "Ṣé èmi náà ti wá di èrò báyìí?" Ó pa fóònù.

Mosúnmọ́lá pè é títí, kò gbé e. Ó fi ohùn sílẹ̀ fún un, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Eden tó gbọ́ ọ. Ó wa mọ́tò láti Calumet City láìwọ kóòtù nínú òtútù, ó sì bá òkú bàbá rẹ̀ lórí ibùsùn. "Daddy, mo ti dárí jì yín," ló ń wí ṣáá. Kò sí ẹni tó gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mí dé egungun bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọlọ́run gbọ́ ẹkún Emlyn, torí Ọlọ́run mọ ọkàn kí ẹnu tó sọ ọ́. Èèyàn kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ńkọ́? Ta lo ní kó dúró dìgbà mìíràn, Jésù ni àbí ọmọ rẹ? Má sọ ọ̀la fún mi. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Olùgbàlà. Bó o bá sì dìde, pe ẹni tó o ṣẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ahọ́n rẹ ṣì lè sọ̀rọ̀.