Ìlà Tí Fìyìnfólúwa Fò

"Fìyìn, ojú kọ̀ǹpútà ni kí o máa wò, yé wo èbúté!"

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún láti wọn ìsàlẹ̀ dáàmù tó wà lẹ́yìn Ìkìrun. Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń rán ìró sínú omi. Bí ìró náà bá kanlẹ̀, á padà sókè, ẹ̀rọ á sì fi mọ bí omi ṣe jìn tó. Bí ẹni ń kọ ebè ni ọkọ̀ náà ṣe ń lọ, tó ń bọ̀, ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fo ìkankan.

Fìyìnfólúwa, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ọlidé kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà dá Ajíbádé dùbúlẹ̀, òun àti Titus tó ń wa ọkọ̀ nìkan ló kù lójú omi.

"Bọ́ọ̀lù Inísà àti Òkúkù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o," Titus wí. "Da nọ́ńbà ìlà àná kọ sí ti èyí tó kù, jàre. Ta ló fẹ́ wọ abẹ́ omi lọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Fìyìn kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù dùn. Ó dà á kọ.

Àwòrán ìsàlẹ̀ omi náà jáde, ó dán mọ́rán. Ajíbádé yìn ín, wọ́n sì fi kẹ́ẹ̀gì pupa sàmì sí ọ̀nà tí ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ yóò máa gbà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ti Fìyìn kò tilẹ̀ pé oṣù kan.

Kùkùté ìrókò tí wọn kò hú kí omi tó bo oko ibẹ̀ ló la ọkọ̀ kan sí méjì lójú ìlà tí Fìyìn fò. Àwọn apẹja yọ gbogbo èrò inú rẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n Túnráyọ̀, ìyá Fìyìn, dá lápá. Ẹ̀gẹ́ tó ń gbé lọ sọ́jà Inísà bómi lọ.

Ní ọsibítù, Fìyìn dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ gba ibẹ̀? Ṣebí ẹ̀ ń bẹ̀rù omi, etí dáàmù lẹ máa ń rìn gbà."

"Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Wọ́n wá ní ìwọ lo wọn ibẹ̀. Èmi gan-an ni mo sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n wọlé, pé ọmọ mi kì í parọ́."

Fìyìn bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú Ajíbádé tó wá kí wọn. Ọ̀gá náà kò jágbe mọ́ ọn.

"Dìde," ó ní. "Ìlà rẹ ṣì wà níbẹ̀. A ó lọ wọ̀n ọ́n."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó ni kí ẹ ṣe dáadáa jù lọ. Ẹni tó fọkàn tán yín ló máa gba orí rẹ̀ kọjá.