Ẹ̀jẹ̀ Tí Káfíńtà Kò Fà Sílẹ̀

Ilẹ̀kùn ni Káfíńtà ń fá láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń súfèé bí ẹni tí ayé yẹ. Iṣẹ́ ń wọlé, ìyàwó rẹ̀ ń gbá èérún igi jọ lẹ́bàá ògiri, kò sí ohun tó jọ ewu nítòsí. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe já wọlé, tó ń mí gúlegúle, tí fọ́nrán òwú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ.

Káfíńtà dá a mọ̀. Télọ̀ kan ni, láti òdìkejì ojú irin. Ojú irin yìí ló pín àdúgbò náà sí méjì. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwọn ará ìhín ti ń gbàdúrà, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ará ọ̀hún. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ wọn sì ti wọ̀yá ìjà, ẹ ǹlẹ́ orí ahọ́n lásán ló kù láàárín wọn.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi," Télọ̀ ti dọ̀bálẹ̀. "Àbúrò yín, nọ́ọ̀sì, ló rán mi. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá lára rẹ̀. Èyí tó wà nílé ìwòsàn ti tán. Wọ́n yẹ tèmi wò, kò bá tirẹ̀ mu. Nọ́ọ̀sì ní irú tiyín ni wọ́n lè fún ẹnikẹ́ni, pé ẹ ti fà á sílẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n yín."

Àánú ṣe Káfíńtà, irọ́ kọ́. "Máa sáré lọ," ó ní. "Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Jẹ́ n kó irinṣẹ́ wọlé."

"Olúwa á san án fún yín!" Télọ̀ ti dé ìta kó tó sọ ọ́ tán.

Káfíńtà kó irinṣẹ́ wọlé lóòótọ́. Ó jókòó kó wọ bàtà, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rojọ́. Ṣé nínú gbogbo àwọn tó pọ̀ bí eṣú lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó lẹ́jẹ̀ lára ni? Ta ló fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù òun nígbà ìjà yẹn? Bó bá jẹ́ ìyàwó òun ló wà níbẹ̀, ṣé wọ́n á wá? Ẹlòmíì á kúkú ti fún un. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ìfági.

"Ẹ ò lọ mọ́ ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Wọ́n á ti rí ẹlòmíì."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀, ó padà sídìí èérún igi.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí Télọ̀ fi padà wá. Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo ní kí n wá wò yín ni. Ẹ ní ẹ ń bọ̀, a ò sì rí yín. Ẹ̀rù bà mí pé kí ọkọ̀ má lọ kọlù yín lójú ọ̀nà nítorí tiwa."

Káfíńtà gbé ìfági sílẹ̀. "Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó ti lọ," Télọ̀ dáhùn. "Mo ti sọ fún un pé ẹ ń bọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á gbórí sókè: 'Ṣé ó ti dé?' Màá ní ẹ ti sún mọ́ tòsí. Nígbà tó yá, kò bèèrè mọ́. Ọmọ wà láyé. Obìnrin ni."

Irọ́ ti dé ètè Káfíńtà, pé ibà ló dá òun dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti jáde síta, ó dúró, ó ń gbọ́. Káfíńtà kúnlẹ̀ sínú èérún igi. "Nǹkan kan ò ṣe mí. Ibí yìí ni mo jókòó sí. Mo ní kí àwọn èèyàn yín fún un."

Télọ̀ ò pariwo, kò ṣépè. "Ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹ ò ní wá ni," ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an, "mi ò bá ti wá ẹlòmíì lọ." Ó yí padà, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn kan kì í dún kí Káfíńtà má gbọ́ ohùn obìnrin tí kò rí rí. Oúnjẹ sá fún un. Nígbà tí kò rí i gbé mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ nílé ìwòsàn.

"Àánú obìnrin yẹn mà ṣe mí lọ́jọ́ náà o," ó ní.

"Bọ̀dá mi, àánú ń ṣe gbogbo wa," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Àmọ́ kì í pẹ́ tutù, pàápàá bí ẹni náà ò bá jẹ́ tiwa. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwíjàre. Kó tó tutù ló yẹ kéèyàn ti dìde. Mo bẹ àwọn tó jókòó sí gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ yẹn. Ńṣe ni ojú ń wo ojú, oníkálùkù ń retí ẹnìkejì. Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ní tààràtà nìyẹn. Ẹni tí a bá dá pè kì í sábà lè fara pamọ́ sáàárín èrò."

"Ṣé o lè gba tèmi báyìí?"

"Ẹni tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ le, tó jẹun, tó mumi, a lè gba tirẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ara á pèsè òmíràn. Bó bá tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ lè tún padà wá. Ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé tọ́jú títí lọ, bọ̀dá mi, ó ń bàjẹ́. Ká máa fà á sílẹ̀ kí wàhálà tó dé ló dára jù."

Káfíńtà na apá. Àbúrò rẹ̀ ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, kò sì wò ó lójú.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá ojú irin, tó ń bẹ àwọn ará ìhín àti ọ̀hún kí wọ́n jọ máa fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn kan bú u, ó sì mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Àwọn kan wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kóra jọ, Télọ̀ wọlé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì tó jìnnà jù, ó na apá fún nọ́ọ̀sì. Kò kí Káfíńtà. Káfíńtà náà ò retí pé kó kí òun.

Ìwọ tó ń ka èyí, lọ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ, kó o sì fà á sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ bá le. Bí ìwọ lo bá nílò ìrànlọ́wọ́ láàárín èrò, nawọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo, kó o bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sì bẹ̀ ọ́, tó ò ní lè ṣe é, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè wá ọ̀nà mìíràn. Má wo èdè ẹni náà, má wo ibi tó ti ń gbàdúrà. Ikú ò wo ìyẹn.