Ọjọ́ Orúkọ Tí Kì Í Ṣe Tèmi

"Nikol! Nikol, ọjọ́ orúkọ rẹ dé o! Ṣílẹ̀kùn fún wa jàre, òtútù fẹ́ pa wá!"

Ohùn Ralitsa ni mo gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun àti Simona, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ oníjó. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ni, ọjọ́ Nikola Mímọ́, tí gbogbo ilé ní Plovdiv, ìlú wa, ń se ẹja, tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti ara orúkọ ẹni mímọ́ náà wá sì ń ṣe ọjọ́ orúkọ. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe èèyàn wá sí ọjọ́ orúkọ. Ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ yóò gbé òdòdó dání, yóò sì wá, dandan sì ni kí o gbà á lálejò. Èmi tí mo sọ ara mi ní Nikol, mo gbàgbé pátápátá pé orúkọ náà ní ọjọ́ tirẹ̀.

Stoyanka ni wọ́n sọ mí. Orúkọ ìyá bàbá mi ni, torí àkọ́bí obìnrin ló ń jẹ́ orúkọ ìyá bàbá rẹ̀ nílé wa. Nígbà tí màmá àgbà wà lọ́mọdé, bí o bá pe Stoyanka láàárín abúlé, obìnrin márùn-ún ni yóò dáhùn. Lónìí, n kò mọ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn tó ń jẹ́ ẹ. Ara òkúta ibojì ni mo ti ń rí i. Nítorí náà, nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ oníjó ní oṣù Kẹsàn-án, tí Ralitsa bi mí pé kí ni wọ́n ń pè mí, Nikol ló jáde lẹ́nu mi.

Kí n tó dìde, màmá àgbà ti ṣílẹ̀kùn. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé ẹja dé láti abúlé, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Nikol wo lẹ ń wá? Kò sí Nikol níbí o. Stoyanka méjì ló wà nílé yìí, àgbà kan, ọmọdé kan."

Simona bú sẹ́rìn-ín. "Stoyanka kẹ̀? Ta ló tún ń jẹ́ ìyẹn láyé ìsinsìnyí?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Ká ní mo sọ òótọ́ nígbà yẹn ni, wọn ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé n ó tún padà di ẹni tí kò lọ́rẹ̀ẹ́.

"Ẹ má dá wọn lóhùn jàre," ni mo wí. "Ìyá tó ń bá wa se oúnjẹ ni. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti ń ṣarán."

Màmá àgbà nu ìyẹ̀fun ọwọ́ wọn. Wọn ò jà, wọn ò sì sunkún.

"Òótọ́ ló sọ," ni wọ́n wí. "Ogbó ni. Ẹ wọlé, Nikol ń retí yín."

Wọ́n gbé ẹja sílẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ bu tèmi. "Nikol, jẹun kó tó tutù. Nikol, fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní búrẹ́dì." Àwọn yẹn ń jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi fi tèmi sílẹ̀ nínú abọ́.

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ tán, mo bá màmá àgbà níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe."

"Ẹ̀fẹ̀ kọ́ o. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá mi sin kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo dé, orúkọ tó dùn-ún gbọ́ kọ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní kí n dúró. Ohun tí Stoyanka jẹ́ nìyẹn. Mo sì dúró. Bí n kò bá dúró, ta ni ì bá bí bàbá rẹ? Ṣé ìyẹn ló wá ń tì ọ́ lójú?"

Wọ́n gbé ẹrù wọn, wọ́n jáde. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ni wọ́n bá lọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yẹn ni ọjọ́ orúkọ tiwa, àwa Stoyanka méjèèjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń jókòó sí lọ́jọ́ náà, tí àlejò á máa kí wa pọ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí abúlé. Àwọn aládùúgbò ti yí tábìlì ká. Màmá àgbà gbójú sókè.

"Nikol, wọlé, òtútù wà níta."

Àwọn àlejò ń wo ara wọn lójú. "Ta ló ń jẹ́ Nikol?"

Mo bú sẹ́kún. "Màmá àgbà, Stoyanka ni mí!"

"Gbogbo ará ibí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí o ti sẹ́ ẹ ni kí o ti lọ jẹ́ ẹ."

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé fún ijó ní oṣù Kínní, kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà ijó, mo dìde. "Ìyá tí mo ní ó ń bá wa se oúnjẹ, ìyá bàbá mi ni. Orúkọ wọn ni mo ń jẹ́. Stoyanka ni mí, kì í ṣe Nikol."

Simona rẹ́rìn-ín. Ralitsa ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ìyá yẹn tó bu ẹja fún wa?" ló bi mí. "O jókòó, o ń wò wọ́n bí ọmọ ọ̀dọ̀?"

Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò tíì gbé e padà títí di òní. Ohun tí mo ń sá fún gan-an ló bá mi, orúkọ mi kọ́ ló sì fà á, irọ́ mi ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò ju oṣù mẹ́rin lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí o tó ju tìrẹ nù, bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò bèèrè.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe màmá àgbà lórí fóònù, mo ní mo ti sọ ọ́.

"Stoyanka," ni wọ́n wá wí, "ṣé o ti jẹun?"