Ẹkún Tí Ìwé Rẹ̀ Kò Sọ

Gbogbo ìjọ ló dijú lọ́jọ́ náà, àfi ènìyàn méjì. Ọ̀kan ni ọmọ pásítọ̀ tó ń tẹ dùùrù, nítorí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa wò kó lè mọ ìgbà tí orin yóò ròkè àti ìgbà tí yóò rọlẹ̀. Èkejì ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà, tó ń kọ ohun tó ń rí sílẹ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin, ọwọ́ atẹdùùrù sì ṣi orin.

Lẹ́yìn ìsìn, atẹdùùrù lọ bá ọ̀dọ́bìnrin náà.

“Ẹ̀yin kì í dijú gbàdúrà ni?”

“Ṣé ẹ̀yin dijú ni?”

“Iṣẹ́ ni tèmi.”

“Iṣẹ́ ni tèmi náà.”

Olùkọ́ yunifásítì ni ọ̀dọ́bìnrin náà. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ṣe ń gbàdúrà, bí àdúrà náà ṣe ń dà bí eré níwájú èrò, àti ìdí tí àwọn olóṣèlú fi ń sáré wá kúnlẹ̀ níbẹ̀ bí ìbò bá ti sún mọ́lé.

“Ẹ ó pẹ́ níbí nìyẹn,” ni ọkùnrin náà wí, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó pẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Nínú yàrá ìdánrawò lẹ́yìn ìjọ, láàárín àga tí wọ́n tò léra, ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Ọkùnrin náà ń pè é ní Màdáámú Ìbéèrè, òun náà sì ń pè é ní Ọmọ Pásítọ̀ tí inú bá ń bí i, Olólùfẹ́ mi tí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá obìnrin náà kú, ó wá sí àdúrà ọjọ́ Ẹtì bó ṣe máa ń wá. Kò kọ nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn yòókù, ó sunkún títí aṣọ rẹ̀ fi tutù. Pásítọ̀ ti juwọ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó dúró, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń tẹ dùùrù lọ jẹ́jẹ́. Bàbá wo obìnrin náà, ó sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìgbà tó yá, ìwé tí obìnrin náà kọ lórí ìwádìí rẹ̀ jáde. Ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá bá àwọn èèyàn kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gba ohun tó bá kọ nípa wọn gbọ́. Ìgbéga sì ń bọ̀ lọ́nà. Ó kọ orí kan gbáko lórí ẹkún, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lára ara wọn. Ó kọ nípa ẹkún gbogbo ènìyàn, àfi tirẹ̀.

Nígbà tí àwọn méjèèjì lọ gba àṣẹ ìgbéyàwó lọ́wọ́ pásítọ̀, ìwé náà wà lórí tábìlì rẹ̀.

“Mo kà á tán. Ohun tó o sọ nípa àwọn olóṣèlú, òótọ́ ni. Kò yẹ kí n gbé máíkì fún wọn.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

“Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹkún tó o sun lọ́jọ́ yẹn, ṣé iṣẹ́ ni, àbí ó tọkàn rẹ wá?”

Tó bá ní ó tọkàn òun wá, ìwé òun ti purọ́ nìyẹn.

“Iṣẹ́ ni, sà.”

Pásítọ̀ mi orí. “Mi ò ní kẹ́ ẹ má fẹ́ra. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́wọ́ lé orí ẹni tí mi ò mọ ìgbà tó ń ṣeré, kí n sì súre fún un.”

Níta, ọmọ rẹ̀ dúró. “Ká ní o ò gbà gbọ́ ni, ǹ bá fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ lọ́jọ́ yẹn. O purọ́ fún bàbá mi lójú mi.”

“Olólùfẹ́ mi, iṣẹ́ mi ni…”

“Mo mọ̀. Iṣẹ́ náà ni kó o fẹ́.”

Ó fẹ́ iṣẹ́ lóòótọ́. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ń pè é káàkiri. Tó bá délé, kò sí ẹni tó máa bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í ní kíláàsì bóyá àdúrà inú ìwé rẹ̀ wọ̀nyẹn kò kàn án lára rí.

“Ó kàn mí,” ló sọ. “Mo sunkún, tọkàntọkàn ni. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ìwé nítorí ẹ̀rù.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ìjọ lọ kí ọkàn rẹ̀ má baà yí padà. Atẹdùùrù ṣì wà nídìí dùùrù, ewú ti gba orí rẹ̀. Bàbá ti kú lọ́dún tó kọjá. Obìnrin náà jẹ́wọ́ fún ọmọ pé tọkàntọkàn ni ẹkún ọjọ́ náà, nígbà tí kò bá bàbá mọ́.

“Ṣé bàbá bèèrè mi rí?”

“Ó mọ̀. Ó ní, ‘Ẹkún ọmọ yẹn kì í ṣe eré. Mo kàn fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ni.’”

Obìnrin náà bo ojú. “Mo ti pẹ́ jù.”

“O pẹ́ fún bàbá.” Atẹdùùrù kò fi irọ́ tù ú nínú. Ó sún lórí àga, ó fún un láyè. “Èmi ṣì wà níbí.”

“Ṣé wàá fẹ́ mi, pẹ̀lú ewú orí mi?” ni obìnrin náà bi í.

“Tèmi pọ̀ ju tìrẹ lọ.”

Wọ́n ṣègbéyàwó lóṣù tó tẹ̀ lé e, níwájú èèyàn díẹ̀. Pásítọ̀ tuntun, tí kò mọ̀ wọ́n rí, gbọ́wọ́ lé wọn lórí, ó gbàdúrà dáadáa. Nígbà tó ní kí Ọlọ́run fi àṣẹ sí ìre tí àwọn òbí ti sú fún wọn, gbogbo ilé ṣe àmín, àfi ìyàwó àti ọkọ, tí wọ́n mọ̀ pé bàbá kú láì súre fún wọn.