Ládòkun Ní Ọmọ Òun Ti Tó

Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí agídí fi ojú ọkùnrin kan rí ní Ṣakí. Má tíì sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn ọ́.

Ládòkun ni orúkọ rẹ̀. Iṣu ló ń tà, ó sì ní mọ́tò tòkunbọ̀ kan tó fi ń kó iṣu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìṣẹ́yìn, tó sì fi ń yangàn. Ó ní òun kì í bẹ ẹnikẹ́ni, títí kan Ọlọ́run. Òǹdè aláwọ pupa kan, oògùn ìṣọ́ra, ló so mọ́ ìdí sitiárìn, òun ló sì fọkàn tẹ̀ pé ìjàǹbá ọ̀nà kò lè mú òun láéláé.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àdúràgbèmí, ọmọ ọdún mẹ́rin. Mọ́ládé, ìyá ọmọ náà, máa ń dì í sínú àga ọmọdé tí wọ́n ń so mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò.

Lọ́jọ́ kan, Ládòkun pe ọmọ náà síta. "Gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí o fi di etí òsì mú." Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa ṣe ń mọ ọmọ tó tó ilé-ìwé. Ọmọ nawọ́, ìka rẹ̀ kan etí.

"Ó tó!" ni Ládòkun kígbe. "Ọmọ tó tó ilé-ìwé, ẹ tún ń dì í bí ìdì igi? Ó parí lónìí!" Ó tú àga náà, ó jù ú sí ẹ̀yìnkùlé.

Mọ́ládé bẹ̀ ẹ́. "Bàbá Àdúrà, ẹ jọ̀ọ́, etí kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tó tó bẹ́líìtì mọ́tò dè. Á fún un lọ́rùn ni. Ẹ jẹ́ kó ga tó èyí tí bẹ́líìtì máa gba èjìká àti egungun ìbàdí rẹ̀."

"Kó má de bẹ́líìtì rárá! Ta ló dì mí mọ́ àga tí mo fi dàgbà?"

Ìyápọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó jẹ́ díákónì, náà dá sí i. "Ládòkun, Ọlọ́run ló fún ọ lọ́mọ yìí. Tún àga yẹn dè, kí o sì fi ayé rẹ fún Jésù."

"Lọ wàásù fáwọn aláìsàn. Èmi dá ara mi tó."

Ẹ gbọ́ o! Ẹlẹ́ran ara ní òun dá ara òun tó!

Lọ́jọ́ tí Ládòkun gbé ọmọ náà gba ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, ọmọ dúró sáàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, ó ń kọrin. Àfi bí màlúù ṣe já sí títì látinú igbó. Ládòkun tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Mọ́tò dúró, ọmọ kò dúró. Ó fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó forí gbá gíláàsì iwájú.

Ní ọsibítù, ọmọ kò mira, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. "Iṣẹ́ ọ̀tá ni!" ni Ládòkun ń pariwo. "Wọn ò tó bẹ́ẹ̀!"

Ìyápọ̀, tó ti sáré dé, dì í lápá mú. "Ọ̀tá wo? Ta ló tú àga? Ìwọ ni! Òǹdè rẹ wà níbẹ̀, kò di ọmọ rẹ mú. Ìgbà wo lo máa tó ṣíwọ́ bíbá Ọlọ́run jà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá Ìyápọ̀ létí, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ọkùnrin gìrìpá dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. "Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Jésù, gbà mí. Bí ọmọ yìí yè, bí kò yè, tìrẹ ni mo jẹ́."

Ọmọ náà yè, ògo fún Ọlọ́run! Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ: ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa mọ́.

Ládòkun já òǹdè, ó jù ú sínú iná lójú gbogbo èrò gáréèjì tó ti máa ń kó iṣu. Ó tún àga dè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ọlọ́mọ-ń-gbọ́mọ-jó.

"Ẹ rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú! Ọmọ mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí bẹ́líìtì á fi bá a mu. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó fẹsẹ̀ rìn dé Ìṣẹ́yìn. Jésù ni mò ń sìn báyìí, kì í ṣe ẹnu yín."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? O ní o ti dàgbà kọjá àdúrà, o ti kọjá ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ìyàwó sọ̀rọ̀, o kọ̀. Ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, o fi rẹ́rìn-ín. Jésù kú nítorí rẹ, o tún ń ṣagídí sí I. Ta ni yóò forí gbá agídí rẹ kí o tó gbà?

Má sọ pé ó di ọ̀la. Fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yẹn sílẹ̀ ná. Kúnlẹ̀.